Asọ̀rọ̀mágbèsì: Bí Orin Ìjà Ìfẹ́ Ṣe Pàdánù Èsì Rẹ̀

Kí lẹ́tà tó dé, kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé, owó ẹyọ méjì péré tó láti fi sọ fún èèyàn pé ìfẹ́ ti wọ́. Wọn á so méjèèjì pọ̀ mọ́ òwú kan. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn, a jọ wà nìyẹn, a sì fẹ́ ríra. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ẹni tí wọ́n fi àrokò náà ránṣẹ́ sí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un: onítọ̀hún ti yíjú kúrò. Ti ìfẹ́ tó ń lọ déédéé náà wà. Ẹni tó bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun ń fà sí ẹ, nítorí pé ẹẹ́fà gbé fífà sínú. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ẹnì kejì létí, ẹyọ mẹ́jọ ló máa fi dá a lóhùn, pé ọ̀rọ̀ wa jọra.

Ẹ kíyè sí i pé àrokò ní èsì. Ohun tí a fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn nínú àròkọ yìí nìyẹn. Orin tí àwọn ìyá àti bàbá wa ń kọ nígbà tí ìfẹ́ bá dàrú náà ní èsì tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́, ẹlòmíràn dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé, orin ìjà ìfẹ́ bọ́ sórí àwo, èsì sì bọ́ sọnù. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi orin kọ ìtàn bí ọkọ àti aya Yorùbá ṣe ń bára wọn gbé láyé àtijọ́ ní láti ṣọ́ra gidigidi, torí pé ohùn ẹnì kan ló pọ̀ jù lórí àwọn àwo náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìyàwó máa lọ sílé ọkọ. Ní Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí dé Ìkirun àti Òkukù, ọmọge tí wọ́n fẹ́ gbé fọ́kọ kì í kàn jókòó máa wo àwọn tó ń se àsè. Ẹkún ló máa ń sun, ẹkún tó ní ohùn, tó sì ní ìlànà, tó jẹ́ pé wọ́n máa ń kọ́ ọ ni. Àwọn kan ń pè é ní ẹkún ìyàwó, àwọn kan ń pè é ní rárà ìyàwó. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa ti ojúlé dé ojúlé. Á kúnlẹ̀ níwájú bàbá, á kúnlẹ̀ níwájú ìyá, á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá àti àbúrò ìyá. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á súre fún un, wọ́n á na owó sí i.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé ìdúpẹ́ lásán ni. Ká má parọ́, ìdúpẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ìyangàn ìdílé náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ń sọ ní gbangba pé ẹ̀rù ń ba òun. Kò mọ̀ bóyá ìyáálé á gba òun mọ́ra, bóyá òun á tètè rí ọmọ gbé pọ̀n, bóyá orí tí òun yàn á gbe òun nílé àjòjì. Ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kó má ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀, wọ́n ń dá a lóhùn: àdúrà tí bàbá ń gbà sí i lórí ni èsì, owó tí ìyá fi lé e lọ́wọ́ ni èsì.

Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé ní Òkukù láàárín àwọn ọdún 1970, kọ ìwé ńlá kan lórí ewì ìlú náà, ó jáde ní 1991. Oríkì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà, àmọ́ rárà ìyàwó ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó gbà wá lọ́kàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ọmọge tí ẹnikẹ́ni kì í dákẹ́ fún lánàá, gbogbo agbo ilé dákẹ́ fún un lónìí, ó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la bá fi máa mọ́, ó ti di ìyàwó ilé ẹlòmíràn, òun ni yóò máa kúnlẹ̀ kí àwọn ọmọ ọkọ, títí kan àwọn tó ju lọ́jọ́ orí dáadáa.

Kí ló wá kù tó lè fi sọ ohun tó ń dùn ún? Orin orogún ni.

Ẹ̀yin tó bá dàgbà sínú agbo ilé mọ ohun tí à ń sọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, ìyáálé wà nídìí ọlọ, ó ń lọ ata, orin sì ń bá ọlọ rìn. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ìkòkò àti ọlọ ló ń wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ ẹni tí orin náà ń wá, ẹni náà sì mọ ara rẹ̀. Bí ìyàwó bá fi ẹ̀rù yọjú láti ẹnu ọ̀nà tó ní, "Ìyáálé mi, ṣé kì í ṣe èmi lẹ ń bá wí báyìí?", èsì ti wà nílẹ̀: "Orin ni mò ń kọ o. Ta ni mo dárúkọ níbẹ̀?" Pàṣamọ̀ là ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kankan ò lè dá ẹjọ́ rẹ̀, torí pé ẹni tó bá ní òun ni wọ́n bú ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ náà bá òun mu.

A kò sọ pé ó dára o. Orin orogún le ju lílù lọ nígbà mìíràn. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí ni wọ́n sábà máa ń dojú rẹ̀ kọ, níṣojú àwọn ọmọdé tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń gbè. A kò gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rín rántí nǹkan wọ̀nyí bíi pé eré ni.

Èrò tiwa ni pé ọkọ gan-an ni ọ̀pọ̀ orin orogún ń bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orogún ni wọ́n nà án sí. Ta ló fẹ́ ìyàwó tuntun láìsọ fún ti ilé? Ta ló jẹ́ kí oúnjẹ ìyáálé tutù sórí àwo torí pé ó ti jẹun níbòmíràn? Obìnrin tí kò lè dúró níwájú ọkọ kó ní "O ti já mi kulẹ̀" lè kọ ọ́ lórin sí ìyàwó kékeré, kí ọkọ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa gbọ́. Ó sì máa ń gbọ́. Ọ̀la, ìyàwó náà á mú orin tirẹ̀ jáde nídìí ààrò. Lọ́tùn-ún, ọkọ á pariwo mọ́ àwọn méjèèjì, tàbí kó yọ́ lọ ra aṣọ fún ẹni tí inú ń bí. Bí kò bá lójú, baálé ilé á pe gbogbo wọn jọ. Èsì ń lọ, èsì ń bọ̀, títí ọ̀rọ̀ fi máa rọlẹ̀ tàbí tí ẹnì kan fi máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí á di ilémoṣú nílé bàbá rẹ̀.

Ìtàn orogún tó rìn jìnnà jù lọ ni ti Ọbà, aya Ṣàngó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: wọ́n tàn án pé bí ó bá gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀, ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀ṣun ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó tàn án. Ọbà gé e, Ṣàngó rí i, ó kórìíra rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì di odò, wọ́n sì ní níbi tí odò Ọbà ti pàdé Ọ̀ṣun, omi kì í rọ̀. Ìtàn yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Ní ilẹ̀ Brazil, nínú ẹ̀sìn Candomblé, bí Ọbà bá gun ẹni tó ń jó, ọwọ́ onítọ̀hún á lọ bo etí. Ẹni tó ń wò níbẹ̀ lè má gbọ́ gbólóhùn Yorùbá kan délẹ̀, ọgbẹ́ ìfẹ́ náà á ṣì yé e. Ìbínú Ṣàngó sí Ọbà, ọjọ́ kan ni. Ti Ọbà, wọ́n ṣì ń jó o.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn èèyàn wa, débi pé ó fẹ́ẹ̀ dà bíi pé kò sí. Bóyá lóòótọ́ ni, fún ìgbà tí ó ń rántí. Ṣùgbọ́n ní àkókò tó ń kọ ọ́ yẹn gan-an, ilẹ̀ ti ń mì ní Abẹ́òkúta. Judith Byfield, onímọ̀ ìtàn, ti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1892 sí 1904. Àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ti wáyé ní 1893, ilé ẹjọ́ irú tuntun ń fìdí múlẹ̀, ojú irin ń bọ̀ (ó dé Ìbàdàn ní 1901), owó sì ń wọlé sọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣòwò. Àwọn ìyàwó tí ọ̀rọ̀ ilé ti sú bẹ̀rẹ̀ sí í gba kóòtù lọ. Bí ẹnì kan bá ti lè san owó orí padà fún ọkọ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn.

Ó yẹ ká fi èyí sọ́kàn dáadáa. Obìnrin tó lè lọ ní ohun tó le ju orin lọ lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn wá ni kóòtù ìbílẹ̀, tí àwọn èèyàn wa sọ di kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, ti di ibi tí ọ̀rọ̀ orin orogún ń parí sí. Ẹ lọ jókòó ní ti Mápó n'Íbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ kan, ẹ ó gbọ́ ọ: kò fún mi lówó oúnjẹ, ó ń lù mí, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀rọ̀ ìdí ọlọ ni, ó kàn ti bọ́ ìbòjú pàṣamọ̀ sílẹ̀ ni, ó dárúkọ ẹni. Àmọ́ akọ̀wé kóòtù kì í kọ ohùn. Ohun tí adájọ́ nílò ló ń kọ, ìyókù á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àsìkò yìí kan náà, tí àwọn obìnrin ń sọ tẹnu wọn ní kóòtù, ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dé. Ta ló rí i lò? Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ẹni tí Fẹlá máa jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kọrin fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, orin ẹ̀mí ló sì gbé lọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Olówógbówó, l'Ékòó, ti ń kọ orin tí wọ́n wá ń pè ní jùjú, òun náà sì bọ́ sórí àwo. Pálọ̀ àti ilé ẹmu ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọkùnrin ló jókòó yíká, ọkùnrin ló ń pín ẹmu. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n orin ìfẹ́ tó bá ti inú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ jáde, ojú ọkùnrin ló máa fi wo ìjà náà. Àwo ìgbà yẹn kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gba kí orogún lọ sùn kó tó mú èsì wá.

Ní 1935, wọ́n gbé Rediffusion dé Èkó. Àpótí kan ni, wọ́n á gbé e sára ògiri, wáyà á so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀, onílé á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ wo orúkọ tí àwọn èèyàn wa sọ ọ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tó fún un lórúkọ yìí mọ ohun tó ń ṣe. Yorùbá ti rí ẹni tó ń bú èèyàn lórin, wọ́n ti rí ẹni tó ń sunkún lórin, ṣùgbọ́n èyí tó máa wọ inú yàrá rẹ, tó máa sọ tirẹ̀, tí o ò lè fèsì fún un, wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Gbọ́ Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, nínú orin àwọn awakọ̀ takisí tó kọ ní Píjìnì. Ọkùnrin kan ń sọ fún obìnrin pé bí ó bá wù ú, kó lọ fẹ́ awakọ̀, kò kan òun. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti já sílẹ̀ rí mọ irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá kàn lóòótọ́, ṣé á tún wá fi fèrè àti ìlù sọ ọ́? Orin tó dùn ni, a ṣì ń jó o. Àmọ́ kí ló dé tí obìnrin yẹn fi fẹ́ lọ bá awakọ̀? Ó jọ pé ó ní ìdí. Kò sí lórí àwo.

Victor Ọláìyá náà ní orin ẹ̀bẹ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀, Baby Jọ̀wọ́. Orin yẹn mú ọkàn. Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin tí ara ń ta nìyẹn, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń gbé àpọ́nlé ara wọn kiri. Ní 2013, Ọláìyá àti 2Face Idibia tún un ṣe, ó di tọmọdé tàgbà. Arúgbó kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ obìnrin kan ṣoṣo. Láti ìgbà àkọ́kọ́ títí di ìkejì, a kò gbọ́ ohun tí Baby rò.

Àyìnlá Ọmọwúrà ti Ìtòkò, l'Ábẹ́òkúta, ẹni tó kú ní 1980, ló mú ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó. Ó kọrin bá pańṣágà wí, ó kọrin bá obìnrin tó ń bóra wí, àpàlà rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn obìnrin tó ń bá wí gan-an ló ń jó o. Bí ẹ bá fetí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n ìyáálé nídìí ọlọ ló ń lò: ó ń na ọ̀rọ̀ sí ẹni tí kò dárúkọ, ó ń jẹ́ kí ẹni tó bá bá mu fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Ìyáálé mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀la á mọ́, pé orogún òun lẹ́nu. Ọmọwúrà ní àwo lọ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, ìlú tí àwọn obìnrin ti ń gba kóòtù lọ láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ṣáájú, èyí tí ọmọ-ọmọ wọn máa gbọ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ni pé obìnrin ló ń ba ilé jẹ́.

Ẹnì kan á ní, àwọn obìnrin olórin ńkọ́? Wọ́n wà o. Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló kọ́kọ́ gbé wákà sórí àwo ńlá. Sàláwà Àbẹ̀ní ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976, ó ṣì kéré púpọ̀ nígbà náà. Ẹ wo ohun tí àwo náà dá lé lórí: ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ohùn obìnrin rí àwo, ọ̀rọ̀ ìlú ló sì gbé wọnú rẹ̀. Èyí kò ya ẹni tó mọ bí owó orin ṣe ń wọlé lẹ́nu. Ẹni tó bá náwó fún olórin lóde àríyá fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Kò sí gbajúmọ̀ tó máa na náírà fún wákà kó lè gbọ́ pé òun ò tọ́jú ìyàwó òun.

Nígbà tí Aṣa gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007, Bíbánkẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rántí ibi tí a wà nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọkàn obìnrin tí ìfẹ́ ti gbọgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, Yorùbá wà nínú rẹ̀, kò sì sí orogún tó ń fi pa òwe. Àwọn kan ní orin àwọn òyìnbó ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, torí gìtá àti bí ó ṣe rọra ń kọ ọ́. A kò jiyàn gìtá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí máa mọ̀ pé obìnrin Yorùbá tó dúró níwájú gbogbo ayé tó ń sunkún pẹ̀lú ohùn dídùn kì í ṣe àjòjì. Ọjọ́ kan ni wọ́n ń fún un tẹ́lẹ̀ ni, alẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Aṣa sun ẹkún tirẹ̀ lẹ́yìn tí ìfẹ́ ti bàjẹ́ tán, nígbà tí kò sí bàbá tàbí ìyá tó máa na owó sí i. Àwo ṣì ni, kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú rẹ̀. Ó kéré tán, a ti ń gbọ́ apá kejì.

Èsì náà ti ń padà wá, láti ibi tí àwọn olórin ò fọkàn sí. Ẹ wo status WhatsApp àwọn èèyàn yín ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú nílé. Kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kò ní sí orúkọ. Orin ni wọn á gbé síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, ibi tó bá ọ̀rọ̀ mu jù lọ ni wọ́n á gé, ìgbà mìíràn á jẹ́ ti Ọmọwúrà gan-an, tí obìnrin wá gbé dojú kọ ọkùnrin. Bí ẹ bá bi í, á ní orin lásán ni, ó kàn wu òun ni jàre. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kejì á ti gbé orin tirẹ̀ sókè. Bí ẹni tó gbé ti àkọ́kọ́ bá sì ṣí fóònù rẹ̀, á rí orúkọ gbogbo àwọn tó ti wò ó, àti aago tí kálukú wò ó.